Orúkọ Tí Mo Kọ Sílẹ̀ Nítorí Ìrẹsì

Mo ń wọn ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, ilé ìtọ́jú wa ní Ìkirè kún fún àwọn ìyá ọlọ́mọ débi pé àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta. Mo ti gbé ọmọ oṣù mẹ́ta kan sínú àpò òṣùwọ̀n tí a fi kọ́ òkè, ó ń ju ẹsẹ̀, ó ń ké, èmi sì ń dúró kí ọwọ́ òṣùwọ̀n dẹ́kun gbígbọ̀n kí n lè ka iye rẹ̀. Ìyá mi ló ń pè. Ìyá mi kì í pè mí lẹ́nu iṣẹ́, àfi bí ẹnìkan bá kú.

"Ṣé kò sí o, Màámi?"

"Má kí mi. Wọ́n ti mú àbúrò rẹ jókòó nílé ìwé láti àárọ̀. Àwọn mẹ́ta kan ni, wọ́n ní ìjọba ló rán àwọn. Wọ́n ní ẹnìkan kọ orúkọ ẹ̀ fún àwọn pé ó fẹ́ di agbésùnmọ̀mí."

"Ta ló kọ ọ́?"

Ẹnu mi ló béèrè. Inú mi ti mọ̀. Ọwọ́ òṣùwọ̀n ti dúró, mi ò sì rí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Ìyá ọmọ náà ní láti fọwọ́ kàn mí léjìká kí n tó rántí pé ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń fì lókè.

Èmi ni mo kọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà rò pé mo fẹ́ fi ẹ̀gàn tí mo ní fún àwọn ẹlòmíràn bo ti ara mi mọ́lẹ̀. Ẹ̀gàn tí mo ní pọ̀, ó tó pín kárí.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, ìwé kan wọlé sí ilé ìtọ́jú wa pé kí a fi ènìyàn méjì ránṣẹ́ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ìjọba ní Ìkirè àti Àpòmù ló gba irú rẹ̀: àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn akọ̀wé. Mátírọ́ọ̀nù wa ni yóò lọ, ó sì mú èmi dání. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Mo jáde girama, mo lóyún, mo bímọ, ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Iṣẹ́ mi ni kí n wọn ọmọ, kí n to káàdì, kí n gbálẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù mú mi nítorí pé ó fẹ́ ẹni tí yóò máa jí i bó bá sùn.

Ọkùnrin tó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ wọ kóòtù nínú ooru. Òógùn ń já bọ́ lára rẹ̀ bíi kòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lódò, ṣùgbọ́n kò bọ́ kóòtù, nítorí bó bá bọ́ ọ, kí ni yóò kù tí a óò fi mọ̀ pé ọ̀gá ni? Ó ní àwa òṣìṣẹ́ ìjọba la sún mọ́ ará ìlú jù. Ó ní àwọn ènìyàn búburú wà tí wọ́n ń wá ẹni tí ọkàn rẹ̀ rọ̀, ọmọdé, ọ̀dọ́, ẹni tí ìbànújẹ́ bá, tí wọ́n á fi ọ̀rọ̀ dídùn fà á kúrò nílé títí yóò fi dẹni tó ń gbé ìbọn tàbí ẹni tó ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń gbé e. Ó ní àwa la gbọ́dọ̀ tètè rí i. Ọ̀rọ̀ tó gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tó gbé e wá ni òmùgọ̀.

"Ohun tí à ń pè ní rádíkáláíséṣọ̀n..." ó wí, ó sì fi ẹnu tọ́ ọ wò bí ẹni tó ń lá oyin.

Mátírọ́ọ̀nù tẹ̀ sí mi létí. "Ṣé oògùn ni àbí àìsàn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wò wá. "Ní èdè wa," ó wí, "ẹ máa pè é ní ìyípadà ọkàn. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá ti rí i pé ọkàn rẹ̀ yí padà, ẹ tètè fi tó wa létí."

Akọ̀wé àgbà kan, tó jẹ́ bàbá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ti ń tòògbé níwájú. Ìyípadà ọkàn ló gbọ́ tó fi jí. "Àmín!" ló kígbe. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín àyàfi oníkóòtù, tí kò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó dìde láti sọ fún un. Ní Ìkirè àti Àpòmù, kò sí àdúrà tí ìyá ọmọ alágídí ń gbà ju èyí lọ: Ọlọ́run, bá mi yí ọkàn ọmọ mi padà. Wọ́n ń gbà á ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun wá sọ ọ́ di àrùn. Àwa tí a mọ̀ ló sì dákẹ́, nítorí a ò fẹ́ kó pẹ́.

Ó pín fọ́ọ̀mù. Wọ́n ti to àwọn àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, èèyàn á kàn máa fi ìlà sí èyí tó bá rí. Ó ti yí aṣọ wíwọ̀ rẹ̀ padà. Kì í bá àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ rìn mọ́. Kì í gbọ́ orin mọ́. Ó ń gbàdúrà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í bọ ọkùnrin lọ́wọ́.

Tíṣà obìnrin kan láti Àpòmù nawọ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹ dákun o. Ẹni tí ẹ ń júwe yìí, ìyàwó ojú ọ̀nà ni."

"Àwa tó ń gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa ńkọ́?" Bàbá ìjọ ti jí tán wàyí. "Ṣé kí n kó gbogbo ìjọ wá ni?"

"Ẹ jẹ́ ká máa tẹ̀ síwájú," ni oníkóòtù wí. "Àkókò ò sí."

Àkókò ò sí lóòótọ́, nítorí òórùn ìrẹsì ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó ní kí oníkálukú rántí ẹnìkan tó mọ̀, kó fi fọ́ọ̀mù náà dánra wò lórí onítọ̀hún. Ẹni tó bá parí, kó mú tirẹ̀ wá síwájú, kó sì gba oúnjẹ.

Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Dánra wò. Etí mi nìkan kọ́ ló gbọ́ ọ.

Mátírọ́ọ̀nù kọ orúkọ ọkọ rẹ̀. "Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́," ó ń sọ ọ́ bó ṣe ń kọ ọ́, "fóònù ló ń wò ṣáá. Ṣòkòtò ẹ̀ sì ti ń kúrú sí i." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ti àbúrò mi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, àbígbẹ̀yìn ìyá wa. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ ìbòjú bí àwọn ẹlẹ́hàá, bó bá ti bọ́ aṣọ ilé ìwé tán. Kò wá wo fíìmù lọ́dọ̀ mi mọ́. Àmọ́ kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́. Ó ti sọ fún mi lójú ọmọ mi pé ìborùn mi kéré, pé irun mi ń yọ lẹ́yìn. Èmi tí mo nu ìdọ̀tí ìdí rẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà gbé mi lọ́fun fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì rí ibi tí mo lè pọ̀ ọ́ sí. Mo kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, mo kọ ilé ìwé rẹ̀, mo kọ kíláàsì rẹ̀. Mo fi ìlà sí àmì márùn-ún. Mo fọwọ́ sí i. Mo lọ gba ìrẹsì. Ẹran rẹ̀ le.

Nígbà tí mo dé Àpòmù lọ́jọ́ tí ìyá mi pè, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n wà, mo sì ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Oníkóòtù jókòó sáàrin, obìnrin kan ń kọ̀wé lápá ọ̀tún rẹ̀, ọkùnrin kejì ń tẹ fóònù. Wọ́n ti tú àpò àbúrò mi sórí tábìlì: aṣọ ìbòjú tó ká mẹ́rin, ìwé, àpótí ohun èlò ìṣirò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ dúró, ó gbé ojú sílẹ̀. Ìyá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Dòdò Ìkirè ni ìyá mi ń ṣe, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá, tí àwọn ará ìlú mìíràn ń dà nù, òun ló ń fi ata dín. Àwọ̀ dúdú èèpo rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ìró.

"Ìyá," oníkóòtù wí, "ìbéèrè kan péré ló kù. Ǹjẹ́ ẹ ti ṣàkíyèsí pé ọkàn ọmọ yín ti yí padà?"

Ojú ìyá mi là. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohun tí kò yé e, ọ̀rọ̀ kan tó mọ̀ wá dé. "Alihamudulilahi!" Ó yọ ọwọ́ méjèèjì jáde. "Ó ti yí padà o, ọ̀gá! Ó yí padà pátápátá! Ọmọ tó jẹ́ pé bí mo bá rán an níṣẹ́ tẹ́lẹ̀, á wú ètè sí mi báyìí. Ní báyìí, kí n tó jí, ó ti kírun tán."

Obìnrin tó ń kọ̀wé ń sá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ta ló yí i padà?"

"Ọlọ́run ni. Àmọ́ èmi náà ò sùn. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè ni mo fi gbààwẹ̀ sí i."

Oníkóòtù wo àwọn méjì tó kù. Ó mi orí bí dókítà tó rí egbò tó ti ń wá. "Inú ilé ló ti bẹ̀rẹ̀," ó wí. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má kọ nǹkan kan!" Mo wọlé pẹ̀lú ariwo. "Màámi, ẹ dákẹ́. Ọ̀gá, ìyípadà tí ẹ̀ ń sọ kọ́ ni wọ́n gbọ́. Fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀yin lẹ ní ká fi dánra wò!"

"Mà, a kì í fi ọ̀rọ̀ ààbò ìlú dánra wò."

"Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́! Nítorí oúnjẹ la ṣe kọ ọ́!"

"Ẹ fọwọ́ sí i, àbí ẹ ò fọwọ́ sí i?" Ó yọ ìwé náà jáde, ó yí i sí mi.

Ó yí i sí àbúrò mi náà. Lẹ́tà g tí mo máa ń kọ, ìrù rẹ̀ máa ń ká bí ìrù ọ̀gà. Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi ní ìwé kíkọ lórí ilẹ̀ àgbàlá, tirẹ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ó wo ìwé náà, ó wò mí, ó tún wo ilẹ̀. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, bóyá n bá ti sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.

Wọ́n ní kó máa wá fojú hàn lọ́dọ̀ àwọn lọ́jọọjọ́ Jímọ̀, kó sì fìdí mọ́lé títí ìgbìmọ̀ wọn yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdánwò àṣejáde rẹ̀ kò ju oṣù méjì lọ mọ́. Àwọn mẹ́ta jókòó ti ọmọdé láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bi í pé, kí ló ń ṣe ọ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ò sí nínú fọ́ọ̀mù.

Wọ́n pe ọkọ Mátírọ́ọ̀nù náà. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé, wọ́n sì bi í pé ìmáàmù wo ló ń kọ́ ọ. Ó lé Mátírọ́ọ̀nù kúrò ní yàrá fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Tèmi kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, mo ń lọ sí ilé ìyá mi ní Àpòmù, èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Àbúrò mi á dìde bí mo bá wọlé, á kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí," lẹ́yìn náà á wọ yàrá. Àfi ọmọ mi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá mi kò bá mi jà. Ó kàn sọ lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, láì wo ojú mi: "Èyí tó rọ̀ ò tíì jẹrà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló ń dà á nù."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, bá a ṣe ń darí sílé, mo rí i pé ọmọ mi di nǹkan mọ́wọ́ sábẹ́ aṣọ. Mo ní kó mú un wá. Rìbọ́ǹnì irun ni, gbogbo rìbọ́ǹnì àbúrò mi, àti àpótí ohun èlò ìṣirò yẹn, kọ́ńpáàsì àti rúlà rẹ̀ pé síbẹ̀.

"Ta ló fún ẹ?"

"Àǹtí kékeré ni. Wọ́n ní àwọn ò ní lò ó mọ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, Mọ̀mí. Wọ́n ní àwọn ń lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kọ orúkọ àwọn."

Ọmọ tó ń múra ìdánwò ò lè fi kọ́ńpáàsì ta ọmọ ọdún márùn-ún lọ́rẹ. Àmì nìyẹn, ojúlówó àmì, kò sì sí nínú ìwé oníkóòtù.

Ilẹ̀ ti ṣú jù láti padà lálẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí oòrùn tó mú, mo ti dé Àpòmù. Ìyá mi ti lọ sọ́jà. Àbúrò mi jókòó sídìí abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú àgbàlá, ó ń bó o, ṣùgbọ́n ó ti wọ bàtà tó fi ń lọ òde, àpò kan sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, lórí sìmẹ́ńtì, níwájú ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n.

"Hàà! Àǹtí! Ẹ dìde!" Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ dìde o! Ṣé ẹ fẹ́ kí n má dàgbà ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

"Mi ò dìde. Mo kọ orúkọ ẹ nítorí ìrẹsì. Nítorí o ní ìborùn mi kéré. Mi ò ní àwáwí. Ibo lò ń lọ?"

"Ẹ dìde ná!"

"Ibo lò ń lọ?"

Ó fà mí lápá, mi ò dìde. Ìgbà tí kò rí ọ̀nà mọ́, òun náà kúnlẹ̀, àwa méjèèjì wá kúnlẹ̀ fún ara wa láàrin èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí aṣiwèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tí a ti ń wo ara wa bí àjèjì, ìkúnlẹ̀ àgbà ló là á lẹ́nu.

Obìnrin kan ni, lórí fóònù. Ó wọ ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Kùránì kan, obìnrin náà wá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ó ń pè é ní ọmọ ìyá mi. Ó ní ibì kan wà lókè ọ̀hún tí àwọn obìnrin mímọ́ ń gbé pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Mọ́tò kan yóò gbé e ní Wásinmi, lẹ́bàá títì, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ yẹn. Kó má sọ fún ìyá.

Ó tẹ ohùn obìnrin náà lórí fóònù fún mi gbọ́. Ohùn náà dùn bí ti àwọn tó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí nínú mọ́tò, àwọn tí oògùn kan ṣoṣo wọn ń wo ojú, ń wo ìdí, ń wo àgàn. *Ọmọ ìyá mi, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ẹbí. Lọ́jọ́ kan, àwọn ará ilé rẹ ni yóò kọ́kọ́ tà ọ́.* Oṣù méjì ṣáájú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ló ti fi ìyẹn ránṣẹ́. Àbúrò mi ní òun kò gbà á gbọ́ nígbà náà. Ìgbà tí wọ́n wá yí ìwé sí i ní ọ́fíìsì, tó rí ìrù ọ̀gà mi, ó lọ sọ fún obìnrin náà. Ohùn tó tẹ̀lé e kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: *Ṣé o rí i?*

Mo ti rí èké rí. Mi ò rí irú ẹni tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ìjọba bá jẹ́rìí báyìí rí. Kò ná an ní nǹkan kan. Àwa la bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí, a sì jẹ ìrẹsì lé e.

"Ṣé o ti fojú rí i rí?" ni mo bi í.

"Rárá."

"Ṣé ó mọ orúkọ Màámi?"

"Ó mọ̀ ọ́n. Ó máa ń bá wọn ṣàdúrà."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ ọmọ ẹni tó jẹ́? Ará ibo ni ìyá ẹ̀? Agbo ilé wo?"

Ní ìlú wa, bí èèyàn bá fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ, bó bá tilẹ̀ fẹ́ yá ẹni ní ọmọrí odó, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Àbúrò mi ti fẹ́ gbé gbogbo ayé rẹ̀ fún ẹni tí a ò lè dá agbo ilé rẹ̀ mọ̀.

"Mi ò tíì sọ pé mi ò ní lọ o," ó wí.

"Mo gbọ́. Jẹ́ ká bó èyí tó kù."

A jókòó, a ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mi ò sọ fún un pé kó bọ́ bàtà. Mi ò gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ara mi ń yún mi láti gbà á kí n fọ́ ọ mọ́ ògiri. Nígbà tí agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀, fóònù náà dún. Ó wò ó, mo wo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún, ó tún dákẹ́. Nígbà kẹta, ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó dúró lórí rẹ̀, ó padà. Kí ó tó di ìgbà karùn-ún, omijé ti ń já sínú abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kejì.

"Ìborùn yín ṣì kéré," ó wí láàrin ẹkún.

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Bá mi ra ńlá."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo pe oníkóòtù. Mo ní mo ti rí ẹni tí ó ń wá, mo ní nọ́ńbà rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ lọ́wọ́. Ariwo àwọn ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dá àwọn ará ìlú mìíràn lẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

"Mà, fọ́ọ̀mù ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń yí padà la ní," ó wí. "A ò ní fọ́ọ̀mù ẹni tó ń yí ọkàn èèyàn padà."

Mo ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Tíṣà obìnrin tó sọ̀rọ̀ ìyàwó ojú ọ̀nà níjọ́sí ló bá mi gbé nọ́ńbà náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n gbà á, wọ́n gbọ́ ohùn náà, wọ́n bi wá ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá. Mi ò mọ ibi tí wọ́n bá a dé. Nọ́ńbà náà kò wọlé mọ́. Tíṣà yẹn kan náà ló dúró ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, tó ní òun ò kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi jẹ́ kí ọmọ padà sí kíláàsì, bí ìgbìmọ̀ ò bá tilẹ̀ tíì jókòó. Ó padà. Ó ṣì ń wọ aṣọ ìbòjú rẹ̀, ó ṣì ń kírun kí ìyá mi tó jí, ìyá mi sì ṣì ń sọ fún gbogbo ọjà pé ọkàn ọmọ òun ti yí padà. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a wí.

Ọmọ mi ló kù. Nígbà tó dá rìbọ́ǹnì àti kọ́ńpáàsì padà, àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó fà á létí, ó pè é ní olófòófó. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọdé ò mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, mo ń fọ irun rẹ̀ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ pé ìmí rẹ̀ ń já.

"Ọṣẹ wọ̀ ọ́ lójú ni?"

"Rárá, Mọ̀mí. Ṣé olófòófó ni mí?"

Mo da omi sí i lórí títí ọṣẹ fi lọ, mo yí ojú rẹ̀ sí mi. Mo sọ fún un pé olófòófó ni ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri kí ojú lè ti ẹlòmíràn, pé èmi ni mo ṣe ìyẹn, òun kọ́. Mo ní bí ẹnikẹ́ni bá fún un ní ọ̀rọ̀ dídùn kan, tó ní kí Mọ̀mí má gbọ́, kó gbé e wá fún mi kíá, ì báà jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn jù ló sọ ọ́, ì báà jẹ́ pé èmi gan-an ni inú ń bí i sí lọ́jọ́ náà. "Màá jókòó," mo wí, "màá gbọ́ ọ tán. Mi ò ní kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò sì ní kọ̀ ọ́ sílẹ̀."